Álọ́ọ̀mù Nínú Omi Ẹja Ìyàwó Mi

Gbogbo àdúgbò wa ló mọ̀ pé mo ní ẹja àrọ̀ kan tó mọ bàálù yàtọ̀ síra wọn. Bí èyí tó ń lọ sí Àbújá bá gba orí ilé wa kọjá, ẹja mi ò ní mira. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ti Lọ́ńdọ̀nù gbéra, wéré ló máa rì lọ sísàlẹ̀, á fi irùngbọ̀n rẹ̀ gígùn bojú, nítorí ó mọ̀ pé àwọn tó wà nínú ìyẹn ò tíì jẹun, ọ̀nà wọn sì jìn. Mo ti sọ èyí fún fọ́kanáísà, mo ti sọ ọ́ fún lémọ́ọ̀mù, mo tún sọ ọ́ fún ọkùnrin tó wá ka mítà iná. Ìyẹn dúró wo bàálù mẹ́ta kó tó rántí iṣẹ́ tó bá wá.

Ìyàwó mi nìkan ni kì í bá mi jiyàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń fi dá mi lóhùn: "Irọ́." Bó bá ti sọ ọ́ tán, á fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi kí n lè parí irọ́ náà fún un. Bí a ṣe gbé pọ̀ nìyẹn láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Èmi á pa á, òun á pè é lórúkọ rẹ̀, ilé á sì tòrò.

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí kì í ṣe irọ́. Ì bá wù mí kó jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ẹ́sítéètì Ire-Akari ní Èkó nilé wa wà, lójú ọ̀nà tí àwọn tírélà tó ń kó ẹrù lọ sí ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìsọlọ̀ máa ń gbà. Bí wọ́n bá ti ń kọjá ni àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù wa máa ń gbọ̀n. Ọgbà ilé-iṣẹ́ yẹn lèmi náà ti lo agbára mi, níbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ àwọ̀, kí ọmọ yunifásítì lọ jókòó. Nígbà yẹn, ọjọ́ tí a bá po aró búlúù, búlúù ni gọ́tà iwájú ilé-iṣẹ́ máa ń ṣàn, pẹ́pẹ́yẹ tó bá sì wẹ̀ níbẹ̀, ẹyin búlúù ló máa yé. Irọ́ ni ti ẹyin. Ti gọ́tà, òótọ́ ni.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé tí mo wá jókòó sílé bí àpò ìrẹsì, ìyàwó mi ní kí n gbẹ́ ihò sẹ́yìnkùlé, ó ní òun fẹ́ sin ẹja. Mo gbẹ́ ẹ, bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Adágún náà kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì tọkọtìyàwó lọ, kò sì jìn kọjá itan mi. Ẹ̀pìà mẹ́sàn-án ló kó sínú rẹ̀ pẹ̀lú àrọ̀ kan ṣoṣo, ó sì gbin òṣíbàtà kí ewé rẹ̀ lè bo ojú omi, kí oòrùn má baà máa nà wọ́n. Mo bi í pé kí ni àrọ̀ ń wá láàrin ẹ̀pìà.

"Ẹ̀pìà ń bímọ bí ẹni tó ń kánjú," ó ní. "Àrọ̀ yìí ló ń bá mi fètò sí ọmọ bíbí wọn."

"Ó ń kó wọn jẹ ni?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o."

Ọ̀nà tó ń gbà tọ́jú wọn, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Láràárọ̀, á ri apá bọ omi títí dé ìgúnpá, á wo èékánná rẹ̀ nísàlẹ̀. Bó bá rí i, ó di ọ̀la. Bí kò bá rí i dáadáa, á bu garawa mẹ́ta péré dà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, á sì fi omi òjò tó ti sùn nínú dúrọ́ọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Kì í gbọ́n ọn tán láé. Omi bọ́ọ̀hóòlù wa pọ́n bí irin tó dógùn-ún, kì í jẹ́ kó kan ẹja rẹ̀.

Oúnjẹ wọn tún ńkọ́? Ọmọ ìjọ ni, èmi Mùsùlùmí ni. Á wọ́n oúnjẹ sójú omi, á sì bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa. Bó bá fi máa ṣe àmín, ohun tí wọn ò bá tíì jẹ tán, á fi asẹ́ kó o kúrò. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ kí ẹja di ẹni ìgbàlà ni. Ó ní rárá o, kí omi má baà bàjẹ́ ni. Mi ò fetí sí i. Èmi tí mo ti fi omi pa aṣọ láró títí ọwọ́ mi fi gba àwọ̀, kí lobìnrin fẹ́ kọ́ mi nípa omi?

Àfi ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ wọlé. Ó ń da tíì láàárọ̀ ọjọ́ kan, ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà sì tẹ̀lé ife. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tó sì kù níbẹ̀ kò ju ohun tí mo lè fi ìka ọwọ́ kan kà lọ: bẹ́ẹ̀ ni, rárá, omi, irọ́. Ọlọ́run ló jẹ́ kí ìkẹyìn yẹn ṣẹ́ kù fún mi. Láràárọ̀ ni mò ń gbé e sórí àga rọ́bà létí adágún, mo máa pa irọ́ tuntun, á fi ìdajì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín, á sì pè é lórúkọ rẹ̀. Ìdajì ẹ̀rín yẹn ló ń gbé mi dìde lórí ẹní.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹja ṣe di tèmi. Mi ò kíyè sí wọn rí kó tó dìgbà náà. Mo rí i pé wọ́n ń wá sójú omi, wọ́n ń yanu. Mo ní ebi ló ń pa wọ́n. Mo fún wọn ní búrẹ́dì. Wọ́n tún yanu. Mo fún wọn ní èbà àná. Bí mo ṣe ń bọ́ wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yanu tó. Ìyàwó mi á na ọwọ́ òsì, á ní, "Rárá. Rárá." Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ọn lẹ́nu ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, omi ti dà bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, òórùn rẹ̀ sì ń wọlé wá bá wa jókòó bí àlejò tí ò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin ni, Abẹ́òkúta lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ó wá wò wá lọ́jọ́ Sátidé kan. Kò tíì kí mi tán tó fi ká apá aṣọ ìyá rẹ̀ sókè.

"Dádì, ẹ wá wo ọwọ́ Mọ́mì."

Apá ọ̀tún náà ti lé kókó látòkè délẹ̀. Ẹ̀fọn ni. Ìyàwó mi kò mọ̀ ọ́n lára, kò sì lè lé wọn. Èmi ni mò ń gbé e síbẹ̀ lójoojúmọ́, mi ò sì ká apá aṣọ náà sókè wò rí.

"Ṣebí ẹja ló yẹ kó máa jẹ ọmọ ẹ̀fọn inú omi," ọmọ mi ní. "Mọ́mì ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n ti yó èbà," mo ní. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Dádì, mi ò fẹ́ bá yín jà. Tí mo bá dé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ tí omi yìí ṣì rí báyìí, Mọ́mì ń bá mi lọ. Mo ti tún yàrá ṣe dè wọ́n. Tí omi lásán bá ṣòroó tọ́jú fún yín, èèyàn ńkọ́?"

"Omi yẹn? Dókítà ló ní kí ìyá rẹ máa wo nǹkan aláwọ̀ ewé. Ó dáa fún ojú."

"Irọ́," ni ìyàwó mi wí, ó sì rẹ́rìn-ín ìdajì.

Ọmọ wa wo àwa méjèèjì bí ẹni tó ń wo ilé tó fẹ́ wó.

Ọ̀sẹ̀ kan ló fún mi. Mo ronú títí, mo wá rántí ìkòkò omi ìyá mi. Lábúlé wa lọ́nà Ọ̀yọ́, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá le, omi tí à ń pọn máa ń rí bí omi tí èèyàn fi fọ ẹsẹ̀. Ìyá mi á mú álọ́ọ̀mù, òkúta funfun kan tó ń dán bíi ṣúgà oníhóró, á fi yí inú ìkòkò náà lẹ́ẹ̀mẹta, á sì fi ọmọrí dé e. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹrẹ̀ ti jókòó sísàlẹ̀, omi ti mọ́ gaara, èèyàn lè ka èékánná eèrà nínú rẹ̀. Omi yẹn la mu dàgbà, kò pa ẹnì kankan. Kí ló wá fẹ́ fi ẹja ṣe?

Ọjọ́rú ni mo ra álọ́ọ̀mù lọ́jà Ìsọlọ̀. Ìyá mi kàn ń fi yí inú ìkòkò ni o. Èmi, nítorí pé Sátidé ń sáré bọ̀, òkúta méjì tó tóbi bí ìkúùkù mi ni mo gún lódó. Mo gbọ́n omi adágún kọjá ìdajì, mo tú gbogbo omi òjò inú dúrọ́ọ̀mù sí i, mo da álọ́ọ̀mù lé e, mo sì fi igi rò ó bí ẹni ń rokà.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo kígbe. Mo rí ìsàlẹ̀ adágún! Mo rí ibi tí bíríkìlà ti fi ìka tẹ sìmẹ́ǹtì. Mo rí ẹja mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bí ẹni pé inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n so wọ́n rọ̀ sí. Wọn ò yanu mọ́. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Mo sáré lọ gbé ìyàwó mi jáde.

Ó wò ó pẹ́. Ó wá tẹ̀ síwájú lórí àga, mo dì í mú lẹ́yìn, ó sì ri ọwọ́ òsì bọ omi títí dé ìgúnpá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀. "Omi," ó ní, jẹ́jẹ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ jó. Ó fa ọwọ́ náà yọ, ó fi ìka kan ahọ́n, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀.

"Irọ́," ó ní.

Kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àìsàn ló fún un lójú. Mo ní, "Ìyá wa, èyí kì í ṣe irọ́ o. Ṣebí o rí i fúnra ẹ." Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì nàka. Omi ló nàka sí, kì í ṣe èmi. Mo gbé e wọlé lọ jẹun.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ẹ̀pìà mẹ́rin ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú omi. Àwọn yòókù ń pòyì bí ẹni tó mutí yó. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Apakun, lọ́dọ̀ obìnrin tó ta ẹja fún ìyàwó mi, ẹni tó máa ń kó ẹja ààyè sínú abọ́ ńlá létí títì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí tó fi fi ọjà lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ tó sì tẹ̀ lé mi.

Kò tilẹ̀ wo ẹja. Ó bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú dànù.

"Ó kan," ó ní. "Bàbá, omi yín kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Kí lẹ fi sí i?"

"Nǹkan kékeré kan báyìí."

"Bàbá, èmi kì í ṣe ọlọ́pàá."

"Álọ́ọ̀mù."

"Ó pọ̀ tó báwo?"

Mo di ìkúùkù kan, mo fi hàn án. Mo wá di ìkejì, mo ní omi òjò ni mo dà á sí.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìró rẹ̀ tó mọ́. "Háà! Sínú omi òjò? Omi òjò ò lágbára kankan, Bàbá, kò sí nǹkan tó máa bá álọ́ọ̀mù jà níbẹ̀. Ṣé wọ́n ti ń yanu tẹ́lẹ̀?"

"Ebi ló ń pa wọ́n. Mo sì ń fún wọn ní èbà."

"Èémí ni wọ́n ń wá o! Oúnjẹ yín ló ń jẹrà tó ń gba èémí mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ tún wá da nǹkan kíkan lé e." Ó wo omi náà, ó mi orí. "Ó mọ́ ṣá. Ó mọ́ bí yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú kúrò nínú ẹ̀."



Ó ní kí n wá ìkarahun ìgbín. A gún un, a dì í sínú àpò àlùbọ́sà, a sì rì í sínú omi kó lè máa pa kíkan náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn kí n má fọwọ́ kàn án mọ́, kí n jẹ́ kí àwọ̀ ewé padà sí i fúnra rẹ̀, pé inú àwọ̀ yẹn ni ìlera ẹja wà bí kò bá ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kó tó di àkókò ìrun alásàrí, ẹ̀pìà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti kú. Àrọ̀ nìkan ló kù. Òun máa ń gòkè wá gba atẹ́gùn fúnra rẹ̀ lójú omi, á sì tún padà lọ jókòó nísàlẹ̀, bí àgbàlagbà tó ṣẹ́ kù nídìí sàréè nígbà tí gbogbo èèyàn ti lọ.

Mo sin wọ́n sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo wọlé, mo sọ fún ìyàwó mi pé àwọn ẹ̀pìà ti lọ ṣe ìpàdé nísàlẹ̀ omi, àrọ̀ ni alága, ariwo wọn ò sì jẹ́ kí òṣíbàtà sùn. Irọ́ náà dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Mo dúró kó pè é lórúkọ rẹ̀. Ó yíjú sí ògiri. Ìgbà náà ni mo wo fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló kọjú sí.

Ọmọ wa dé lọ́jọ́ Sátidé, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ tààrà.

"Dádì! Ẹ káre! Omi yìí náà ló mọ́ tó báyìí?" Ó yọ fóònù, ó ya á ní fọ́tò, ó ní òun máa fi han ọkọ òun. Ó wá wo inú omi dáadáa. "Àwọn ẹja ńkọ́?"

Irọ́ mẹ́ta ni mo ti sè sílẹ̀ láti àná. Nínú ọ̀kan, mo ti kó wọn fún obìnrin Apakun kó bá mi tọ́jú wọn díẹ̀. Nínú èkejì, ẹyẹ lékeléke ló gbé wọn. Ẹ̀kẹta ni ológbò ilé kejì, tí mo ti di ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ rù láti ọjọ́ pípẹ́. Èyíkéyìí nínú wọn ló lè jẹ́. Sátidé náà ì bá kọjá, ìyàwó mi ì bá sì wà lórí àga rẹ̀ dòní. Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àga náà létí omi, ó ń wò mí, ojú rẹ̀ ò sì bá mi ṣeré. Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ti èbà, mo sọ ti álọ́ọ̀mù, mo di ìkúùkù mi méjèèjì kó lè rí bó ṣe pọ̀ tó.

Ọmọ mi ti fóònù bọ àpò. Tírélà kan kọjá, omi gbọ̀n.

"Dádì," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "oògùn Mọ́mì. Ẹyọ kan láàárọ̀ ni wọ́n kọ. Ṣé ẹyọ kan lẹ̀ ń fún wọn?"

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, bóyá ẹ̀ẹ̀mejì, nígbà tí ìka ọ̀tún rẹ̀ mira díẹ̀, mo fún un ní méjì kó lè tètè yá. Ó sun gbogbo ọjọ́ náà gbáko. Mo rò pé oorun ìwòsàn ni.

Ọmọ mi wo ojú mi, ó rí èsì rẹ̀ níbẹ̀. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, èmi náà ì bá rí nǹkan dì mú. Ó kàn wọlé lọ di ẹrù ìyá rẹ̀.

Èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ ìyàwó mi wọ inú ọkọ̀. Mo rọra tò wọ́n síra wọn, èyí tó mọ ọwọ́ mi àti èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Ó na ọwọ́ òsì sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

"Omi," ó ní.

"Mo gbọ́," mo ní. "Mi ò ní ṣe nǹkan kan fún un mọ́."

Òjò ti rọ̀, ó ti dá, ó sì tún ti rọ̀ látìgbà náà. Omi ti ní àwọ̀ ewé díẹ̀, òṣíbàtà ti yọ ewé tuntun. Láràárọ̀ ni mò ń ri apá bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, tí mò ń wo èékánná mi. Mo sì ti kọ́ Àdúrà Olúwa sórí, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi díwọ̀n oúnjẹ àrọ̀ náà kó bá ti ìyàwó mi mu. Ará ilé kejì gbọ́ mi láti orí ògiri.

"Bàbá, ẹ ti di Kìrìsìtẹ́nì ni?"

"Ẹja ló gbàgbọ́," mo ní. "Èmi kàn ń sìn ín lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Odindi ẹnu ló fi rẹ́rìn-ín. Mo kó abọ́ oúnjẹ ẹja, mo wọlé.

Ọjọ́ Àìkú ni ọmọ mi máa ń gbé fóònù sétí ìyá rẹ̀. Òótọ́ nìkan ni mò ń sọ fún un, nítorí mo ti bá ara mi ṣàdéhùn. Mo ní mo rí èékánná mi. Mo ní àrọ̀ jẹun tán kí n tó ṣe àmín. Mo máa ń gbọ́ èémí rẹ̀ nìkan. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, méjì lọ, ẹ̀kẹta náà lọ. Ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ túbọ̀ ń dín lẹ́nu rẹ̀, ó ní ó pẹ́ tóun ti gbọ́ "rárá" kẹ́yìn.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé fóònù náà lọ sétí adágún. Bàálù kan ń bọ̀ lókè, páànù ilé wa ti ń gbọ̀n. Àrọ̀ wà lójú omi níbi tó ti ń gba atẹ́gùn. Kò mira rárá.

"Ìyá wa," mo ní, "ti Lọ́ńdọ̀nù ló ń kọjá yìí o. Àrọ̀ ẹ ti rì lọ sísàlẹ̀, ó ti fi irùngbọ̀n bojú."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí. Bàálù lọ tán. Tírélà kan kọjá, omi gbọ̀n, ó sì dúró. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń wọlé, ó ń jáde. Apá ti ń dùn mí, mi ò gbé fóònù náà sílẹ̀. Mò ń dúró de ọ̀rọ̀ kan péré yẹn.